Bisect

Bisect ni àṣẹ tí Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, fi ń wá ibi tí iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ká ní ètò yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa lóṣù tó kọjá, ó wá dẹnu kọlẹ̀ lónìí, commit (àyípadà tí ẹ fi pamọ́ sínú Git) 1,000 sì wà láàárín. Ẹ tẹ git bisect start. Ẹ fi bad sàmì sí ti òní, ẹ fi good sàmì sí èyí tó dáa nígbà yẹn. Git á gbé yín lọ sí agbedeméjì. Ẹ dán an wò, ẹ sọ bó ṣe rí, á tún pín ìyókù sí méjì. Kò ní ju bí ìgbà 10 lọ tọ́wọ́ á fi tẹ ọ̀daràn. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ máa ń rọ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sínú commit kan ṣoṣo, ẹ ṣì máa túlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Tó bá parí, git bisect reset á dá yín padà síbi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀.