Tíátà Áténì: Eré Tó Jẹ́ Ọ̀rọ̀ Ìlú

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ka The Gods Are Not to Blame, eré tí Ọlá Rótìmí kọ́kọ́ gbé jáde ní Ifẹ̀ lọ́dún 1968. Ìtàn Ọdẹ́wálé, tó pa bàbá rẹ̀ tó sì fi ìyá rẹ̀ ṣaya láìmọ̀, wá láti inú eré Oedipus tí Sophocles kọ ní ìlú Áténì, nílẹ̀ Gíríìsì, ní ohun tó lé ní 2,400 ọdún sẹ́yìn. Irú tíátà wo ló bí eré bẹ́ẹ̀?

Ní Áténì, eré kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn fi ń najú. Ọ̀rọ̀ ìlú ni. Ìgbà ọdún Dionysus, òrìṣà ọtí wáìnì, ni wọ́n máa ń ṣe é, ní gbangba, ní ẹ̀gbẹ́ òkè Acropolis. Òǹkọ̀wé mẹ́ta ló ń figagbága. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á gbé eré ìbànújẹ́ mẹ́ta kalẹ̀, á sì fi ìkẹrin pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Ìlú á yan olówó kan fún òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan láti náwó lórí àwọn elégbè, gègé ni wọ́n sì fi ń yan àwọn adájọ́.

Àwọn elégbè, tí wọ́n tó 15 láyé Sophocles, ló ń kọrin tí wọ́n ń jó. Òṣèré kì í ju mẹ́ta lọ, ọkùnrin sì ni gbogbo wọn. Ìbòjú ni wọ́n ń pààrọ̀, tí ẹnì kan fi lè jẹ́ ọba, kó tún padà wá jẹ́ ìránṣẹ́.

Lọ́dún 494 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ará Páṣíà pa Miletus run, ìlú àwọn Gíríìkì tó bá Áténì rẹ́. Phrynichus fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Herodotus sọ pé gbogbo òǹwòran bú sẹ́kún. Wọ́n bu ìtanràn drachma 1,000 lé e, nítorí ó rán wọn létí àjálù tiwọn, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe eré náà mọ́.

Lọ́dún 472, Aeschylus, tí òun fúnra rẹ̀ ti ja ogun Marathon, gbé eré The Persians jáde. Ààfin Páṣíà ni eré náà ti wáyé: àwọn àgbààgbà àti ìyá ọba ń ṣọ̀fọ̀ àwọn ọmọ wọn tí àwọn Gíríìkì pa. Áténì tó ṣẹ́gun jókòó, ó gbọ́ ẹkún ọ̀tá rẹ̀, ó sì fún Aeschylus ní ipò kìíní.

Ìlú tó ń bu ìtanràn lé eré mọ̀ pé eré lágbára. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà nígbà tí Rótìmí gbé Ọdẹ́wálé sórí ìtàgé, tó sì fi hàn wá bí ìfura ẹ̀yà sí ẹ̀yà ṣe ń ba ìlú jẹ́. Ìtàn nìkan kọ́ ló yá lọ́wọ́ Sophocles. Ó yá iṣẹ́ tí tíátà ń ṣe láàárín ìlú pẹ̀lú.