Ínsúlíìnì

Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, abẹ́rẹ́ àwọn alátọ̀gbẹ ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Òótọ́ ni, òun ló ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1978, àwọn onímọ̀ rí i pé ibi tí ínsúlíìnì ń so mọ́ wà nínú ọpọlọ eku pẹ̀lú, títí kan hippocampus, níbi tí ohun tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ti ń di ìrántí. Níbẹ̀, ó ń ran sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti gbọ́ ara wọn yé. Nínú ọpọlọ ọ̀pọ̀ alárùn Alzheimer, àrùn tó ń ba ìrántí jẹ́, sẹ́ẹ̀lì kì í dá ínsúlíìnì lóhùn dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pe àrùn náà ní àtọ̀gbẹ oríṣi kẹta. Lójú tèmi, orúkọ yẹn ti yá jù: ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ ni kò ní Alzheimer láéláé. Síbẹ̀, àtọ̀gbẹ ń dá kún ewu rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa yẹ ṣúgà yín wò.