Europa '51: Fíìmù Ìyá Tó Ń Ṣọ̀fọ̀

Europa '51 jẹ́ fíìmù ilẹ̀ Ìtálì tí Roberto Rossellini darí, tó jáde ní ọdún 1952. Ingrid Bergman, ìyàwó Rossellini nígbà náà, ló ṣe Irene tí ìtàn dá lé lórí. Rossellini wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ irú sinimá tí wọ́n ń pè ní neorealismo: lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n gbé kámẹ́rà jáde sí ìgboro láti fi ìgbé ayé mẹ̀kúnnù hàn bó ṣe rí.

Ìtàn náà

Ìlú Róòmù ni Irene àti ọkọ rẹ̀, George, ń gbé. Olówó ni wọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n gba àlejò, Michel, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń wá ojú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò ni ìyá gbájú mọ́. Ọmọ náà sọ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Kò pẹ́ tó fi kú.

Andrea, ìbátan wọn tó jẹ́ Kọ́múníìsì, mú Irene dé àdúgbò àwọn tálákà. Ó san owó oògùn ọmọ kan níbẹ̀. Ó lọ ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan nílé-iṣẹ́ ẹ̀rọ dípò obìnrin ọlọ́mọ púpọ̀ kan tí Giulietta Masina ṣe. Ó tọ́jú aṣẹ́wó kan tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá jà títí onítọ̀hún fi kú. Nígbà tó jẹ́ kí ọmọkùnrin kan tó jalè sá lọ, ọlọ́pàá mú un, àwọn ẹbí rẹ̀ sì fi í sí ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ lè fi wò ó

Òkú ọ̀fọ̀: Bí arúgbó bá kú, a máa ń se àsè. Bí ọmọdé bá kú lójú òbí, òkú ọ̀fọ̀ nìyẹn. Kò sí àríyá níbẹ̀. Rossellini mọ̀ ọ́n lára: ọmọ tirẹ̀, Romano, kú ní 1946.

Àánú: Ènìyàn lè ṣàánú láti òkèèrè. Owó oògùn tí Irene san, àánú ni.

Ìbákẹ́dùn: Ẹ wo "bá" tó wà láàárín ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń báni kẹ́dùn ti wá jókòó tì wá. Ọjọ́ tí Irene dúró nídìí ẹ̀rọ, tó mọ bí ó ti ń dun apá àti etí, ló kúrò nínú àánú bọ́ sí ìbákẹ́dùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Kò sí ẹni tó bá Irene wí nígbà tó ń ṣàánú. Ìgbà tó fi ara rẹ̀ sípò àwọn tálákà ni dókítà, adájọ́ àti àlùfáà ń bi í léèrè bóyá orí rẹ̀ pé. Kì í ṣe Kọ́múníìsì, kò sì wọ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin. Wọn kò mọ ibi tí wọn yóò fi í sí, àfi ẹ̀yìn fèrèsé onírin. Nísàlẹ̀ fèrèsé yẹn ni àwọn tó ràn lọ́wọ́ dúró sí lópin fíìmù, tí wọ́n ń pè é ní ẹni mímọ́.

Ẹ̀dà èdè Ìtálì àti ti Gẹ̀ẹ́sì ló wà. Bí ẹ bá wò ó tán, ẹ fi Yorùbá sọ fún ẹnì kan nílé yín: ta ni orí rẹ̀ kò pé nínú ìtàn yìí?