Ọjọ́ Mẹ́fà, Ìṣẹ́gun Márùn-ún: Àwọn Ọmọ Sewanee ní Ọdún 1899

Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ìròyìn bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà yóò mọ orúkọ Yunifásítì Texas àti ti Louisiana, nítorí ọ̀gá ni àwọn méjèèjì nínú eré náà. Bí mo bá wá ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan tí ó wà lórí òkè, nínú igbó Tennessee, na àwọn méjèèjì láàárín ọjọ́ márùn-ún, tí ó sì na àwọn mẹ́ta mìíràn mọ́ wọn, ẹ lè rò pé àlọ́ ni mo ń pa. Àlọ́ kọ́, ẹ̀yin ará. Ìtàn ni.

Sewanee ni orúkọ ìlú náà. Ibẹ̀ ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Ẹpísíkópálì ti ìhà gúúsù Amẹ́ríkà yàn fún yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1857, ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé kò jẹ́ kí ó ṣílẹ̀kùn títí di 1868. Ẹ má gbàgbé pé olówó ẹrú pọ̀ nínú àwọn olùdásílẹ̀ yìí. Leonidas Polk tí ó ṣíwájú wọn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹrú, ó sì kú sójú ogun gẹ́gẹ́ bí ọ̀gágun àwọn ará gúúsù. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Eré tí mò ń wí kì í ṣe irú bọ́ọ̀lù tí à ń gbá lórí pápá wa ní ìrọ̀lẹ́. Bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè é lédè wọn, èyí sì máa ń pa èmi akẹ́kọ̀ọ́ èdè lẹ́rìn-ín, nítorí abíyá ni wọ́n ń há a mọ́ sáré. Ènìyàn 11 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní 1899, òfin kò tíì gbà kí a ju bọ́ọ̀lù síwájú. 1906 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fàyè gba ìyẹn. Ńṣe ni wọ́n ń fi ara rọ́ lu ara bí àgbò. Ẹni tí ó bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ìkẹyìn ọ̀tá ti gba àmì 5 fún àwọn tirẹ̀. Àwọn tí ó ń kọlù náà ni yóò sì dúró gbèjà nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ẹ ro bí ara wọn yóò ti rí lọ́jọ́ kejì.

Owó ni ó fa ìrìn àjò náà. Sewanee àti Vanderbilt ti ìlú Nashville a máa bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù tí èrò máa ń wọ́ lọ wò, ṣùgbọ́n ìjà ṣẹlẹ̀ lórí bí wọn yóò ti pín owó ẹnu ọ̀nà, kò sì sí eré láàárín wọn ní 1899. Luke Lea, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ alákòóso ẹgbẹ́, ní láti wá owó náà níbòmíràn. Ó to eré márùn-ún sínú ọjọ́ mẹ́fà, pẹ̀lú ìrìn ọkọ̀ ojú irin tí ó tó nǹkan bí 2,500 máìlì. (Irú ènìyàn tí Lea jẹ́ nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1919, lẹ́yìn tí ó ti ṣe sẹ́nétọ̀, ó kó ṣọ́jà díẹ̀ wọ ilẹ̀ Holland láti lọ gbé Káísà Jámánì tí ó sá síbẹ̀. Kò rí i gbé.)

Wọ́n kó àgbá omi méjì láti orísun òkè wọn, kí omi àjèjì má baà da inú wọn rú. Wọ́n ní bàtà eré gan-an ni wọ́n gbàgbé, tí Lea fi tẹ wáyà padà pé kí ọkọ̀ mìíràn gbé e lé wọn. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá, wọ́n pàdé Texas ní Austin. Orí Seibels, balógun wọn, bẹ́. Wọ́n dì í, ó sì ń bá eré lọ. 12 sí òdo. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ti wà ní Houston níwájú Texas A&M. Ọjọ́ Ẹtì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tì: 10 sí òdo. Ní Àbámẹ́ta, wọ́n na Tulane ní New Orleans, 23 sí òdo. Wọ́n sinmi ní Ọjọ́ Àìkú, wọ́n sì lọ wo oko ìrèké. Ní Ọjọ́ Ajé, wọ́n na Louisiana ní Baton Rouge, 34 sí òdo. Lọ́jọ́ kejì, ní Memphis, wọ́n na Mississippi, 12 sí òdo. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá nìkan ni ẹ ó gbádùn èyí: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n parí rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Eré 12 ni wọ́n gbá lọ́dún náà, wọn kò pàdánù ọ̀kan. 322 ni àmì tiwọn. 10 péré ni ti gbogbo ọ̀tá wọn lápapọ̀, Auburn nìkan ni ó sì gba mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, nínú eré tí Sewanee fi 11 bọ́. John Heisman, olùkọ́ Auburn, kò gbà. Ó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn pé onídàájọ́ ni ó ba eré àwọn jẹ́. Kò sí olùkọ́ tí kì í sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ó ń sọ ìtàn yìí a máa yin omi inú àgbá náà. Èmi kò rò pé omi ni. Ọkùnrin dúdú kan bá wọn rin ìrìn àjò náà, Cal Burrows, ẹni tí ń wọ́ ara àwọn eléré. Ẹsẹ̀ tí ó wú ní Austin, ọwọ́ rẹ̀ ni ó rọ̀ ọ́ kí ó tó tún sáré ní Houston. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń là kọjá ti ṣòfin pé dúdú àti funfun kò gbọdọ̀ jókòó pọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin: Louisiana ní 1890, Texas ní 1891. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì ti fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1896.

Adìẹ padà gbé abẹ́rẹ́ mì. Nígbà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í náwó lórí bọ́ọ̀lù, Sewanee kò lè bá wọn dọ́gba. Ó wà lára ilé ẹ̀kọ́ 13 tí ó dá àjọ eré ìhà gúúsù ìlà oòrùn sílẹ̀ ní 1932. Láti 1933 sí 1940, ó bá àwọn ẹgbẹ́ inú àjọ náà gbá ní ìgbà 37, kò borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì kúrò láàárín wọn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kékeré ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń bá gbá báyìí, kò sì fún ọmọ kankan ní owó ẹ̀kọ́ nítorí bọ́ọ̀lù. Èmi kò rí àbùkù nínú ìyẹn.

Ohun tí ń dùn mí ni ti Burrows. Ọwọ́ rẹ̀ kan ẹsẹ̀ tí ó gbé orúkọ yunifásítì náà yíká gúúsù, ṣùgbọ́n ọmọ tirẹ̀ kò lè jókòó nínú kíláàsì ibẹ̀. Ní 1952, àwọn alábòójútó yunifásítì náà kọ̀ láti gba ọmọ dúdú sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ibẹ̀ sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọdún kejì, 1953, ni wọ́n tó gbà. Ọdún 54 ti kọjá lórí ìrìn àjò náà.