Ọmọ iléèwé Peckham tó jẹ́ ká rí inú ara

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé Yorùbá yín ò já gaara, ẹ fara balẹ̀, màá rọra sọ ọ́.

Àwọn ìyá tí ọmọ wọn ní sickle cell, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde, máa ń bi mí léèrè pé: "Nọ́ọ̀sì, bí wọ́n bá fi stem cell sí ọmọ mi lára, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ibi tó lọ?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ìtàn ìdáhùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ nítòsí wa níbí.

Lọ́dún 1933 ni wọ́n bí Peter Mansfield ní Lambeth. Camberwell ló dàgbà sí, níbi tí bọ́ọ̀sì 36 ń gbà kọjá. Nígbà ogun, wọ́n kó o lọ sí Torquay pẹ̀lú àwọn ọmọdé mìíràn. Nígbà tó padà dé, wọ́n ní kó wá ṣe ìdánwò eleven-plus, ìdánwò tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Kò rí grammar school wọ̀, iléèwé kan ní Peckham níbí ló lọ. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 15, olùkọ́ tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn iṣẹ́ sọ fún un pé sáyẹ́ǹsì kì í ṣe tirẹ̀. Ó fi iléèwé sílẹ̀, ó lọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé. (Mo mọ̀ pé orí àwọn kan nínú yín ti ń mì. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí.)

Ó padà sídìí ìwé. Ó gboyè ní Queen Mary lọ́dún 1959, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Nottingham. Ní 1978, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ṣe láti fi ya àwòrán odindi ara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé ó lè léwu. Ní 2003, òun àti Paul Lauterbur ará Amẹ́ríkà jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Òòfà ńlá ni MRI, omi inú ara wa ló sì fi ń ya àwòrán. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé stem cell tí wọ́n fi sí ara kò yàtọ̀ sí ẹran ara tó yí i ká. Kí ló máa fi í hàn? Àwọn onímọ̀ ní kí wọ́n fún sẹ́ẹ̀lì náà ní irin wínníwínní jẹ kí wọ́n tó gún un síni lára. Irin máa ń dúdú lójú MRI.

Irin tí wọ́n lò ni Feridex, èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1996 fún wíwo ẹ̀dọ̀. Ní 2005, àwọn dókítà ní Nijmegen, ní Netherlands, fi tọ sẹ́ẹ̀lì tí ń kọ́ ara láti bá jẹjẹrẹ jà (kì í ṣe stem cell) lẹ́yìn. Inú lymph node ni wọ́n fẹ́ gún un sí, àwọn kókó tó máa ń wú lábẹ́ abíyá nígbà tí ara ò bá dá. Ultrasound ni wọ́n fi ń wo ọ̀nà. Èèyàn mẹ́jọ ni wọ́n gún. MRI fi hàn pé mẹ́rin péré ni abẹ́rẹ́ bá ibi tó yẹ. Ẹ gbọ́ o, ọwọ́ àwọn tó mọṣẹ́ ni! Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Shanghai gbé ìròyìn jáde nípa stem cell tí wọ́n fi irin sàmì sí, tí wọ́n sì fi sínú ọpọlọ ẹni tó fara pa lórí.

Àmọ́ ibi tó ti le nìyí. Bí sẹ́ẹ̀lì bá kú, irin rẹ̀ ò bá a kú. Sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ inú ara á gbé irin náà mì, àwòrán á ṣì dúdú. Ohun tí dókítà rò pé ilé ni, ó lè jẹ́ sàréè. Bí èyí tó yè bá sì ń pọ̀ sí i, irin á pín káàkiri títí kò fi ní hàn mọ́. Feridex gan-an kúrò lọ́jà kí 2010 tó dé, nítorí pé kò tà. Láti ìgbà yẹn, àwọn kan ti yí sí fluorine, tí kò sí nínú ẹran ara dé ibi tí MRI á fi rí i, tó fi jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n sàmì sí nìkan ló máa tàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá yẹn. Stem cell ti sickle cell, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Nàìjíríà ní UBTH, ní Benin City, lọ́dún 2011, inú iṣan ni wọ́n ń gbà á sí bí ẹ̀jẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló máa wá mùdùnmúdùn inú eegun rí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ bó ṣe múlẹ̀ sí, kì í ṣe MRI.

Iṣẹ́ mìíràn ni MRI ń ṣe fún ọmọ yín: ó ń wo ọpọlọ bóyá rọpárọsẹ̀ kékeré ti ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ó sì ń wọn irin. Bẹ́ẹ̀ ni, irin kan náà! Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà síni lára léraléra máa ń kó irin jọ sínú ẹ̀dọ̀, nígbà mìíràn sínú ọkàn. Ilé ìwòsàn Royal Brompton, níhìn-ín ní London, ni àwọn dókítà ti gbé ọ̀nà T2* tí wọ́n fi ń wọn ti ọkàn jáde ní 2001. Bí irin náà bá ti pọ̀ jù, ewu ìtọ́jú stem cell á pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ọmọ yín wá ṣe MRI, ẹ béèrè iye irin tó wà ní ẹ̀dọ̀ àti ní ọkàn rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì.