Eku Inú Ọkọ̀ Tó Dúró: Kambolé, Tchamba àti Sokodé

Eku inú ọkọ̀ ni à ń pe eku, èlírí, òkété tàbí ọ̀kẹ́rẹ́ tó bá wọ inú ọkọ̀ tí a gbé kalẹ̀, tó tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀, tó sì ń gé wáyà, rọ́bà àti fóòmù rẹ̀. Kò síbi tí ọkọ̀ wà láyé tí ọ̀rọ̀ yìí kò sí, ṣùgbọ́n ó le jù níbi tí oko, àká àti ibi ìgbọ́kọ̀sí bá ti wà pa pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Tógò, ní àwọn ìlú bíi Sokodé, Tchamba àti Kambolé.

Sokodé ni olú ìlú ẹkùn Centrale. Ojú ọ̀nà ńlá tó ti Lomé lọ sí Dapaong ló wà, ó sì fi bíi kìlómítà 340 jìnnà sí Lomé. Ìlú àwọn Tem ni, àwọn tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Kotokoli. Tchamba wà ní ìlà oòrùn rẹ̀. Kambolé wà ní gúúsù Tchamba, kò jìnnà sí ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀ka èdè Nàgó tí wọ́n sì ń sọ níbẹ̀ ni wọ́n ń sọ ní Manigri ní òdìkejì ẹnubodè. Iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀pà, òwú àti kajú ni wọ́n ń gbìn káàkiri agbègbè yìí. Kò sí èyí tí eku kò rí nǹkan ṣe sí nínú wọn: ó ń jẹ àwọn kan, ó ń fi òwú tẹ́ ibùsùn.

Àsìkò tí eku ń wọ̀lú

Àsìkò òjò kan péré ni agbègbè náà ní, láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá. Nígbà òjò, oúnjẹ pọ̀ nínú igbó, eku kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yọ àwọn ará ilé lẹ́nu. Ìgbà tí wọ́n bá kórè tán, tí ọyẹ́ dé, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun igbó ni nǹkan ń yí padà. Oúnjẹ oko ti tán, koríko tí eku ń sá pamọ́ sí ti jóná, àgbàdo àti ẹ̀pà sì ti wà nílé. Eku a tẹ̀lé oúnjẹ rẹ̀ bọ̀ wálé. Ọkọ̀ tó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àká lásìkò náà ló ń kọ́kọ́ gba àlejò.

Àwọn ọkọ̀ tó ń dúró pẹ́ sì pọ̀: ọkọ̀ tó ń retí ẹ̀yà ara láti Lomé, ọkọ̀ ẹni tó rìnrìn àjò, ọkọ̀ akẹ́rù tí kì í jáde àfi lọ́jọ́ ọjà, katakata tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ ebè. Alùpùpù pàápàá kò bọ́ níbẹ̀, nítorí abẹ́ ìjókòó rẹ̀ gba ìtẹ́ èlírí dáadáa.

Àwọn tó ń ṣe é àti àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀

Eku ilé dúdú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Rattus rattus, ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Ó mọ igi gùn, ó mọ okùn rìn, orí ẹ̀ka máńgòrò tó ṣíji bo ọkọ̀ ló sì sábà ń gbà bọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èlírí kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ihò tí kò fẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ, tí ìka ọmọdé kò lè wọ̀, orí èlírí lè gba ibẹ̀, ibi tí orí rẹ̀ bá sì ti gbà, ara rẹ̀ á gbà. Ẹ̀kẹta ni eku tí ọmú rẹ̀ pọ̀, Mastomys. Abo rẹ̀ lè ní ọmú tó 24, ó sì ń bí ọmọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ bani jù, ìdí rẹ̀ sì ń bọ̀ níwájú.

Òkété tó dàgbà máa ń wúwo ju kìlógíráàmù kan lọ. Kò lè wọ inú àpótí fílítà, ṣùgbọ́n ó ń gba abẹ́ ọkọ̀ gòkè sórí ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ló sì máa ń kó èkùrọ́ àti ẹ̀pà tó dì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ pamọ́ sí. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà ń kó èso pamọ́ bẹ́ẹ̀. Ikún kì í fi oko ẹ̀pà sílẹ̀ wá wọ ọkọ̀, koríko sì ni ọ̀yà ń jẹ ní tirẹ̀. Asín ni wọ́n ń dá lẹ́bi jù láìṣẹ̀, nítorí òórùn rẹ̀. Kòkòrò ni oúnjẹ asín, eyín rẹ̀ kì í sì í ṣe eyín tó ń gé wáyà. Bí òórùn asín bá kún inú ọkọ̀ tí wáyà sì gé, ẹ wá eku tó jọ wọ ibẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Kì í ṣe ebi ló ń mú eku gé wáyà. Eyín iwájú rẹ̀ kì í yé hù títí dọjọ́ ikú. Bí kò bá rí nǹkan líle gé kí eyín náà lè máa jẹ, yóò gùn débi tí kò ní lè jẹun mọ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ́tò kan gbé Toyota lọ sílé ẹjọ́ ní California lọ́dún 2016, wọ́n ní ẹ̀wà sóyà tí wọ́n fi ṣe rọ́bà wáyà ló ń pe eku. Ó ṣeé ṣe kí sóyà dá kún un, ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ ni eku ti ń gé wáyà kí sóyà tó dé inú rẹ̀, ó sì ń gé páìpù òjé tí kò ní adùn kankan lẹ́nu.

Ohun tó ń bàjẹ́

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ti wà lójú kan láti ìgbà ìkórè, kí ẹ tú ìdérí àpótí fílítà afẹ́fẹ́. Háríhá àgbàdo tí wọ́n ti ya wẹ́wẹ́ ni ẹ ó bá níbẹ̀, pẹ̀lú òwú, ọ̀rá, àti fóòmù dúdú tí wọ́n já lára abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èèpo ẹ̀pà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbẹ́ dúdú tó ṣe ṣóńṣó, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, fọ́n káàkiri, ìtọ̀ sì ti sọ bébà fílítà di pupa rúsúrúsú. Ẹ wá tọ wáyà tó gba ẹ̀yìn bátìrì kọjá. Rọ́bà rẹ̀ ti lọ, kọ́pà inú rẹ̀ ń dán, àmì eyín sì wà létí ibi tó ti hó, ní méjì méjì.

Láyé Peugeot 504, ọkọ̀ tó jáde lọ́dún 1968 tó sì gba ojú ọ̀nà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú èyí kì í dá onímọ́tò dúró pẹ́. Wáyà rẹ̀ kò pọ̀, ojú ń rí wọn, réwáyà tó mọṣẹ́ lè so èyí tó já lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn ọkọ̀ àlòkù tó ń gba èbúté Lomé wọlé lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà inú ọ̀kan nínú wọn, bí wọ́n bá tò ó gbọọrọ, ó ju kìlómítà kan lọ, kọ̀ǹpútà ló sì ń darí ẹ́ńjìnnì. Wáyà tín-ín-rín kan ṣoṣo tó bá já lè mú kí ọkọ̀ kọ̀ láti tan, kí mẹkáníìkì sì máa pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́ kiri. Owó tí ń bá èyí lọ máa ń dun àwọn awakọ̀ takisí tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n bá rí lójúmọ́ ni wọ́n ń jẹ. Ó sì tún burú ju owó lọ: wáyà méjì tó hó tí wọ́n fara kanra lè ṣáná, bí eku bá sì ti gé rọ́bà epo bẹntiróòlù pẹ̀lú, iná dé nìyẹn.

Ìlera

Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ Mastomys ni kòkòrò àrùn ibà Lassa ń gbà jáde. Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ní Nàìjíríà ni wọ́n fi sọ àrùn náà lórúkọ lọ́dún 1969. Kò yọ Tógò sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, òṣìṣẹ́ ìlera ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní àríwá Tógò kó o. Wọ́n gbé e lọ sí Cologne ní Jámánì, ó sì kú níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn tó tọ́jú òkú rẹ̀ kó àrùn náà ní Jámánì.

Nítorí èyí, àṣà kan wà tó yẹ kó dópin: kí vọ́kanáísà máa fi afẹ́fẹ́ fẹ́ fílítà tí eku ti tọ̀ sí. Gbogbo eruku náà, ojú àti imú ẹni tó dúró síbẹ̀ ló ń lọ. Bákan náà ni gbígbá ìtẹ́ eku ní gbígbẹ. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú. Ẹ po hípò, tí àwọn ará Tógò ń pè ní javel, ìwọ̀n kan sínú omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án, kí ẹ fi rin ìtẹ́ àti ìgbẹ́ náà gbingbin, kí ẹ ní sùúrù díẹ̀, kí ẹ tó fi àkísà kó o sínú ọ̀rá tí ẹ ó rì mọ́lẹ̀. Fílítà tí eku bá ti tọ̀ sí, títún un rà ló dára.

Ohun tí wọ́n ń lò

Káńfọ̀ ló wọ́pọ̀ jù. Òórùn rẹ̀ kì í pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, bí ẹ bá sì kó o sínú ọkọ̀ tí ẹ tì pa, èèyàn ló ń ṣe léṣe ju eku lọ. Àwọn ọmọ tí ara wọn kò ní èròjà G6PD tó, wọ́n sì pọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, òórùn káńfọ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, kí ojú wọn sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ má ṣe kó káńfọ̀ sínú ọkọ̀ tí ìkókó ń wọ̀.

Ewé dóńgóyárò kì í pani lára ní tirẹ̀, àmọ́ ọyẹ́ á gbẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, eku á sì fi tẹ́ ìtẹ́. Ẹ̀rọ tó ń pariwo tí etí èèyàn kì í gbọ́ kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé: lọ́dún 2001, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òwò, FTC, kọ̀wé ìkìlọ̀ sí iléeṣẹ́ tó lé ní 60 nítorí ohun tí wọ́n ń sọ nípa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Májèlé ń pa eku lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú ihò éèsì ni eku náà lè lọ kú sí, adìẹ tàbí ológbò tó bá jẹ èyí tó kú síta á sì bá a lọ. Ata ló ní ẹ̀rí díẹ̀. Honda ń ta téèpù kan tí wọ́n fi oró ata sí, tí wọ́n ń wé mọ́ wáyà, ó sì wúlò fún wáyà tí wọ́n bá wé e mọ́. Ata gbígbẹ tí a kàn bù sórí ẹ́ńjìnnì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, fáànù á fẹ́ ẹ lọ.

Ológbò kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí bí ológbò kò bá sí nílé, ilé di ilé eku. Òun náà máa ń sùn sórí ẹ́ńjìnnì tó móoru lóru ọyẹ́, nítorí náà ẹ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tan ọkọ̀.

Ohun tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ kò ná èèyàn lówó rẹpẹtẹ: kí eku má rí oúnjẹ, kó má rí ibi tó dákẹ́. Ẹ má gbé ọkọ̀ sábẹ́ àká tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí iṣu wà. Ẹ ro koríko yí i ká, ẹ gé ẹ̀ka tó bá fara kan òrùlé rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ru àgbàdo, ẹ̀pà, gàrí tàbí ẹja gbígbẹ lọ sọ́jà, ẹ gbá abẹ́ ìjókòó àti búùtù rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ẹ fi páànù yí ẹsẹ̀ àká po kí eku má lè gùn ún. Ẹ máa wa ọkọ̀ jáde, kí ó má jókòó sójú kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bí kò bá sì ṣe é wà, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kalẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn wọlé. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kò tó mìlímítà 6 bo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ọkọ̀ lábẹ́ gíláàsì iwájú. Bí ẹ bá fi àkísà dí ẹnu páìpù èéfín, ẹ so àkísà pupa mọ́ sítíárìn kí ẹni tó fẹ́ tan ọkọ̀ lè rántí.

Ẹ̀bá ògiri àti ẹ̀yìn táyà ni kí ẹ kẹ́ pàkúté sí, nítorí eku fẹ́ràn láti máa rìn létí ògiri. Ẹ̀pà lílọ̀ ló ń fà á jù. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé èyí tó bá kú. Eku tí a pa nínú ọkọ̀ kì í ṣe ẹran ọbẹ̀, a kò mọ májèlé tó ti jẹ.

Ní àfonífojì Mineral King ní California, ẹranko marmot, tó jẹ́ ìbátan ọ̀kẹ́rẹ́, ń gé rọ́bà rédíétọ̀ débi tí àwọn àlejò fi ń fi tapólì wé ọkọ̀ wọn látilẹ̀ dókè. Ní Kambolé kò tí ì tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ti dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ kàn án. Bí ẹ bá rí wáyà tó hó, ẹ yọ orí bátìrì, ẹ pe réwáyà, ẹ má sì tan ọkọ̀ náà títí yóò fi dé.