Eré Ọmọdé Nínú Ìtàn Orin Tuntun ní Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá fi ń pe ohun tí ọmọdé ń ṣe lójúde nígbà tí òṣùpá bá yọ, àti ohun tí onílù ń ṣe tí a fi ń ná an lówó níbi ìgbéyàwó. Eré ni méjèèjì. Ọmọ ń ṣeré. Òṣèré dé, agbo eré sì gbóná. Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì náà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó rí ìbátan tí ó wà láàárín méjèèjì. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé, bí a bá ń pìtàn orin tuntun ilẹ̀ wa, ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ilé-ìwé àti ìwé-ẹ̀rí Lọ́ńdọ̀nù ni a ti máa ń bẹ̀rẹ̀; a kì í dé ojúde rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé láàárín ọdún 1967 sí 1974, nígbà tí iṣẹ́ orin tuntun fìdí múlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ eré gan-an ni ó le jù níbẹ̀: èwo ni kí á mú nínú rẹ̀, èwo ni kí á sì fi sílẹ̀?

Kí á kọ́kọ́ wo ojúde náà. Ọmọ tí ó bá rí agolo wàrà tí a ti mu tán ti rí ìlù. Yóò gé orí rẹ̀ kúrò, yóò fi bébà líle tàbí ọ̀rá bò ó lójú, yóò fi okùn tàbí rọ́bà dè é pinpin, yóò sì wá ẹ̀ka igi tí ó tẹ̀ lórí bíi kọ̀ǹgọ́ dùndún. Ẹlòmíràn a gé ọwọ́ ewé ìbẹ́pẹ, nítorí pé ihò ti wà nínú rẹ̀ láti ìṣẹ̀dá; a lu ojú sí i lára, a sì fi ṣe fèrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fèrè náà kì í pẹ́ rọ. Òkòtó wà pẹ̀lú, tí a ń ta sílẹ̀ tí ó ń yí, tí ó sì ń kùn bí ó ti ń yí.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń lu agolo kì í kàn pariwo lásán. Ó fẹ́ kí agolo náà sọ̀rọ̀. Èdè Yorùbá ní ohùn mẹ́ta, ti òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀. Ọsán ni onídùndún ń fún mọ́ra kí ó tó lè rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú awọ kan. Ọmọ kò ní ọsán. Nítorí náà, ìka ni yóò fi tẹ ojú bébà mọ́lẹ̀, tàbí kí ó lu àárín fún ohùn kan, kí ó sì lu etí agolo fún òmíràn. Bí ó bá fi pe ìnagijẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ọ̀rẹ́ náà bínú tí ó sì lé e, ìlù ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí ọ̀rẹ́ náà bá béèrè pé kí ni ó wí, ọmọ á tú bébà rẹ̀, á tún un dè. Ohun tí àwọn onímọ̀ orin ń pè ní ìdánwò kò ju èyí lọ: a mú ohun tí a kò ṣe fún orin, a wá ohùn sínú rẹ̀, a sì ní ẹni tí yóò dá wa lẹ́jọ́.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó jọ ohun ìṣeré ni ohun ìṣeré, ṣá o. Ọmọlangidi ni ọmọbìnrin ń pọ̀n ṣeré. Ère ìbejì kì í ṣe ọmọlangidi, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú àlejò. Pátákó pẹlẹbẹ tí a so okùn mọ́, tí a ń fì lójú afẹ́fẹ́ kí ó lè máa ké, ohun ìṣeré ọmọdé ni ní apá kan ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohùn Orò ni, obìnrin kò sì gbọdọ̀ rí i. Olùṣẹ̀dá orin tí ó bá ń wá ohun eré kiri láìmọ ààlà yìí yóò kan ìdin nínú iyọ̀.

Àwọn Òyìnbó ti mú ohun ìṣeré wọ inú orin àkọsílẹ̀ tipẹ́. Orin kan wà láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, nínú èyí tí fèrè tí ń ké bí ẹyẹ, kàkàkí kékeré àti ìlù ọmọdé ti ń bá àwọn onífayolíìnì ṣeré. Haydn ni a kọ́kọ́ kà á sí lọ́rùn, lẹ́yìn náà Leopold Mozart. Lóde òní Edmund Angerer, àlùfáà kan ní Tyrol, ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ń tọ́ka sí. Ẹ̀fẹ̀ ni orin náà, a sì gbọ́dọ̀ gbà pé ẹ̀fẹ̀ dídùn ni. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ni ti John Cage ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó kọ orin alápá márùn-ún fún píánò ohun ìṣeré ní ọdún 1948, tí ó sì lo ohùn mẹ́sàn-án péré. Nínú irú píánò kékeré bẹ́ẹ̀, ọ̀pá irin ni òòlù ń lù dípò okùn. Ẹni tí ó bá mọ agídìgbo yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀ bí ó bá gbọ́ èyí: irin pẹlẹbẹ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún lójú àpótí, tí a ń fi ìka ta. Cage ní láti fi píánò ńlá sílẹ̀ kí ó tó rí ohun tí ó kéré tí ó sì ní ààlà. Onígídìgbo kò wá ìkéré lọ sí ibì kankan. Irin mẹ́ta ni ó bá, ó sì fi irin mẹ́ta náà pa òwe. Carl Orff ti Jámánì, tí òun àti Dorothee Günther dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Munich ní 1924, tilẹ̀ fi sálófóònù tí ó ti Áfíríkà wá ṣe ọ̀kan nínú àwòkọ́ṣe àwọn ohun orin tí ó ṣe fún àwọn ọmọdé ilé-ìwé.

Ní Èkó náà, kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹ̀ka orin sílẹ̀ ní yunifásítì, àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ohun tí ó wà lárọ̀ọ́wọ́tó ṣe orin tuntun. Àwọn aláṣíkò ń lu ìlù onípákó onígun mẹ́rin, wọ́n sì ń ha ayùn káfíńtà. Àwọn tí ń ta gìtá níbi ẹmu a máa lu ìgò. Ọ̀kan nínú ìtàn tí a fi ń tú orúkọ orin jùjú ni pé, ẹni tí ń lu ìlù kékeré olójú kan nínú ẹgbẹ́ Tunde King, ẹni tí ó ti ń gba àwo orin sílẹ̀ láti 1936, a máa ju ìlù náà sókè, a sì máa hán an. Ìtàn náà lè jẹ́ òótọ́ tàbí kí ó jẹ́ àlàyé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀; ṣùgbọ́n àwọn tí ó tẹ́wọ́ gbà á kò rí i bí ohun àjèjì pé orúkọ irú orin kan lè ti inú eré ọwọ́ jáde.

Oṣù kìíní ọdún 1967 ni Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1962, kó wá sí Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé ìwádìí ìmọ̀ Áfíríkà ti yunifásítì náà, tí Michael Crowder jẹ́ olórí rẹ̀, dá Orí Olókun sílẹ̀ ní àárín ìlú. Ní ọdún 1968 kan náà ni Akin Euba dé. Èkó ni a ti bí i ní 1935. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Los Angeles, ó sì ti ń wá ọ̀nà tí ohun ìbílẹ̀ fi lè wọ inú iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1964 ó kọ orin mẹ́rin fún píánò, tí ó pè ní àwòrán láti ara igbá Ọ̀yọ́. Ní 1967 ó mú ìtàn Olúrónbí, obìnrin tí ó fi ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ìrókò, ó sì sọ ọ́ di orin fún ọ́kẹ́sírà.

Ó yẹ kí á dúró lórí Olúrónbí díẹ̀. Àlọ́ àpagbè ni. Nígbà tí apàlọ́ bá dá orin, àwọn ọmọ tí ó jókòó yí i ká ni yóò gbè é; bí ègbè bá dákẹ́, ìtàn dúró. Kò sí olùgbọ́ níbẹ̀ ní ti gidi, nítorí pé gbogbo ẹni tí ń gbọ́ ni ó ń ṣe é. Nínú gbọ̀ngàn ọ́kẹ́sírà, ẹni tí ó sanwó wọlé jókòó, ó dákẹ́, ó sì pàtẹ́wọ́ ní ìparí. Ìtàn dé ọ̀hún, ohùn dé ọ̀hún, ègbè kò bá wọn dé. Èyí kì í ṣe àbùkù Euba, nítorí ọ́kẹ́sírà kò ní ìjókòó fún elégbè. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ àlọ́ di eré ni a fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Orí Olókun sún mọ́ ojúde ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àárín ìlú ni ó wà. Níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ ṣe eré Ola Rotimi tí a ń pè ní The Gods Are Not to Blame, ní 1968. Ní 1970 a ṣe Chaka, ọ́pẹ́rà tí Euba gbé ka orí ewì Senghor, ní Ifẹ̀, ohun orin Áfíríkà àti ti Òyìnbó sì jọ wà nínú rẹ̀. Ní 1971 Alatangana tẹ̀ lé e, eré oníjó tí Peggy Harper tò ijó rẹ̀. Nínú irú iṣẹ́ báyìí, ẹni tí ń ka ìwé orin àti ẹni tí kò kà á rí gbọ́dọ̀ jọ wọ agbo kan ṣoṣo. Ìwé kò lè yanjú èyí. Àfi kí a jọ ṣe é, kí ó bàjẹ́, kí a tún un ṣe.

Síbẹ̀, orí píánò ni ìgboyà Euba ti hàn jù. Ní 1970 ó kọ Scenes from Traditional Life, ní ọdún kan náà ni ó sì gbé àbá kan jáde lórí ọ̀nà Áfíríkà fún títẹ píánò. Ìdí ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro: òòlù ni ń lu okùn nínú píánò, nítorí náà a lè lò ó bí ohun lílù, kí ọwọ́ kan di ọ̀wọ́ ìlù kan mú láìyí padà, kí èkejì máa fọ̀ lórí rẹ̀ bí ìyáàlù. Ẹni tí ó bá ti rí ọmọ pẹ̀lú agolo wàrà yóò mọ iṣẹ́ yìí. A kò ṣe agolo fún ìlù. A kò sì ṣe píánò fún dùndún. Fífi agbára mú un sọ̀rọ̀ ni. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà, ó sì tóbi: kò sí ọ̀rẹ́ tí yóò bínú. Bí píánò bá ṣi ohùn, ta ni yóò béèrè pé kí ni ó wí? Ó jọ pé Euba fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè náà wà, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn onídùndún ni ó padà sí. Lórí ìlù wọn ni ó kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé tí ó gbà ní Legon, ní ilẹ̀ Gánà, ní 1974.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí a dárúkọ yìí, kò sí ọ̀kan tí a kọ fún agolo, tàbí fún ọwọ́ ewé ìbẹ́pẹ. Àwọn ohun ìṣeré tí ń dún tí ó wà lọ́jà lónìí, oníbátìrì ni púpọ̀ nínú wọn. Orin kan ni wọ́n mọ̀, ọmọ kò sì lè tún un dè.

Muraina Oyelami ti Ìràgbìjí, ayàwòrán àti onílù tí ó ti bá Dúró Ládípọ̀ ṣeré ní Òṣogbo, ni ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlù ní Yunifásítì Ifẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní agbo ilé Àyàn, ọmọ a ti máa fi ẹnu sọ ohun tí ìlù ń wí kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè lù ú. Akẹ́kọ̀ọ́ ogún ọdún kò ní ìgbà èwe bẹ́ẹ̀ láti padà sí. Ní 1989 Oyelami tẹ ìwé kan jáde ní Bayreuth, ìlànà tuntun fún kíkọ ìlù dùndún sílẹ̀, pẹ̀lú ìdánrawò fún ọwọ́ tí ń bẹ̀rẹ̀. Ti bàtá tẹ̀ lé e ní 1991. Ọ̀nà láti kọ ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ni ìlànà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wá, ohùn mẹ́ta kan náà tí ọmọ ń fi ìka wá kiri láàárín bébà àti etí agolo.